Sikánà fọ́tò fún ilé: ẹ wo fọ́tò yín ná kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà ara páálí

"Sikánà wo ló dáa jù?" Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa ẹ̀rọ tó ń ka fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà nìyẹn, èmi náà á sì bi wọ́n padà pé irú fọ́tò wo lẹ ní nílé, wọ́n á wá máa wò mí bíi pé mi ò fẹ́ dáhùn. Mo fẹ́ dáhùn o, àmọ́ ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń dé ìdí ọjà tán tá a ó máa wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, 2400, 4800, 6400, 9600 dpi, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti pọ̀ jù la máa gbé.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ tóbi jù tówó mi ká, mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀, mo wá gbé fọ́tò àtijọ́ kan tí etí ẹ̀ ti kákò sí i lórí, àwọn tó dúró láàárín fọ́tò hàn kedere, àwọn tó wà létí ṣú bàìbàì bí ẹni dúró sẹ́yìn èéfín. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé àtijọ́, tí mo kó jọ sínú àpò láti ọdún gbọ́nhan, tó jẹ́ pé torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń wá sikánà, kò lè ka ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹ̀rọ yẹn ò sì bàjẹ́ rárá, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, èmi ni mo ra ohun tí kò bá fọ́tò mi mu.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni sikánà ṣe rí, àpótí pẹlẹbẹ tó ní gíláàsì àti ìdérí ni gbogbo wọn, ohun tó wà nínú wọn ló yàtọ̀.

Kí ni dpi yẹn gan-an?

Lọ́dún 1957, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Russell Kirsch, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tó lè ka fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, fọ́tò tí Kirsch sì gbé sí i ni ti Walden ọmọ ẹ̀, ọmọ oṣù 3 péré nígbà náà. (Ẹ ò rí i pé fọ́tò ẹbí ni sikánà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.) Fọ́tò náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú àti 5 lóòró, ẹ̀rọ yẹn pín in sí ẹ̀là kéékèèké 176 níbùú, 176 lóòró. Ẹ̀là kọ̀ọ̀kan yẹn là ń pè ní píkísẹ́lì. Íńṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, píkísẹ́lì bíi 89 ló bọ́ sínú íńṣì kan, 89 dpi nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: dpi ni iye ibi tí ẹ̀rọ ti wo fọ́tò yín láàárín íńṣì kan.

Ẹ jẹ́ ká wá mú fọ́tò orí bébà tó jẹ́ íńṣì 4 sí 6, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá sikáànì ẹ̀ ní 300 dpi, ẹ ó rí píkísẹ́lì 1200 sí 1800, mílíọ̀nù 2 lé díẹ̀, ìyẹn tó láti tún un tẹ̀ jáde ní ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní 600 dpi ó di mílíọ̀nù 8.6, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlọ́po méjì níbùú àti lóòró. Ní 1200 ó di mílíọ̀nù 34 àti ààbọ̀. Tó bá wá jẹ́ 4800 tí wọ́n fi ń polówó ọjà lẹ fẹ́ lò, mílíọ̀nù 553 ni, fáìlì ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo á ju gígábáìtì 1.6 lọ kẹ́ ẹ tó fún un pọ̀, kọ̀ǹpútà yín á dákú sídìí ẹ̀.

Kí lẹ sì máa rí nínú gbogbo ìyẹn? Ọ̀pọ̀ fọ́tò orí bébà, ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í ju ohun tí 300 sí 600 dpi máa kó tán lọ. Tí omi inú ife bá jẹ́ ife kan, ẹ gbé àgbá lọ bù ú, ife kan náà lẹ máa bù. Ohun tẹ́ ẹ máa rí kún un ni fọ́nrán bébà àti eruku, tí wọ́n á wá tóbi dáadáa. Torí náà 600 ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sí fún fọ́tò orí bébà, kò pọ̀ jù kò kéré jù. Mo máa ń gbé e lọ sí 1200 tó bá jẹ́ fọ́tò kékeré bíi pásípọ́ọ̀tù, tàbí fọ́tò àwọn èèyàn rẹpẹtẹ tí ojú kọ̀ọ̀kan wọn ò ju orí ìka lọ, téèyàn sì fẹ́ fa ojú ẹnì kan jáde nínú ẹ̀.

Nẹ́gátíìfù àti sláìdì (fíìmù tí àwọ̀ ẹ̀ hàn bó ṣe rí gan-an) lọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ẹyọ kan nínú fíìmù mílímítà 35 ò ju mílímítà 24 sí 36 lọ, kò tó íńṣì kan lápá kan, kò tó íńṣì kan àtààbọ̀ lápá kejì, odidi ìgbéyàwó ni wọ́n sì lè há sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 300 ka ìyẹn, fọ́tò tẹ́ ẹ máa rí á kéré bíi sítáǹbù. Ní 2400 ẹ ó rí mílíọ̀nù 7.7, ní 3200 ẹ ó rí bíi mílíọ̀nù 13.7. Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí ìdàrúdàpọ̀ yẹn ti wá? Fíìmù ni àwọn nọ́ńbà ńláńlá yẹn wúlò fún. Sikánà tí kò sì lè ka fíìmù rárá, wọ́n á ṣì kọ 4800 sí i lára, torí nọ́ńbà ń tajà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń kọ nọ́ńbà méjì, optical àti interpolated. Optical ni èyí tí ojú ẹ̀rọ rí. Interpolated, sọ́fítíwíà ló ń fi àbá kún un: ó rí píkísẹ́lì funfun lápá kan, ó rí dúdú lápá kejì, ó ní ó dà bíi pé àwọ̀ eérú ló yẹ kó wà láàárín, ó bá fi sí i. Ẹ pa ìyẹn tì. Kódà optical náà, ẹ má gbà á gbọ́ tán, torí pé ẹ̀rọ wo ibi 6400 nínú íńṣì kan ò ní kí lẹ́ńsì ẹ̀ ríran débẹ̀, àwọn tó máa ń dán sikánà pẹlẹbẹ wò máa ń rí i pé ohun tó ń kó lóòótọ́ lórí fíìmù kì í tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ.

Ojú tó wà lábẹ́ gíláàsì

Ohun tí wọn kì í kọ gàdàgbà rèé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Oríṣi ojú méjì ló wà nínú sikánà, CIS àti CCD. Ti CIS, ojú yẹn wà nísàlẹ̀ gíláàsì gbágbáágbá, ohun tó bá fara kan gíláàsì ló ń rí dáadáa, tí nǹkan bá ti gbé sókè ní mílímítà díẹ̀ péré, ó ti ṣú nìyẹn. (Fọ́tò mi tó kákò ńkọ́? Ẹ ti rí ìdáhùn.) Ti CCD, dígí ló ń gbé àwòrán náà lọ sínú lẹ́ńsì, lẹ́ńsì á wá gbé e fún ojú, torí náà ó lè rí ohun tó gbé sókè díẹ̀, bíi fọ́tò tó kákò, fọ́tò tó ṣì wà lára álíbọ́ọ̀mù, bébà tó wú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀: CIS máa ń tín-ín-rín, ó fúyẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní wáyà iná tiwọn, inú wáyà USB ni wọ́n ti ń fa iná. Canon CanoScan LiDE 300 àti LiDE 400 wà nínú wọn, Epson Perfection V39 náà. CCD máa ń ki, ó wúwo, ó ní wáyà iná tiẹ̀, àwọn tó sì lè ka fíìmù nínú wọn, bíi Epson Perfection V600 àti V850, iná kan tún wà nínú ìdérí wọn, torí fíìmù kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi bébà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá. Sikánà tí kò bá ti ní iná nínú ìdérí, ẹ má retí pé ó máa ka nẹ́gátíìfù, sẹ́tíìnì kankan ò lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé CIS ò dáa o. Tí fọ́tò yín bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tẹ́ ẹ lè yọ ọ́ nínú álíbọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ ò ní fíìmù, CIS tó, owó ẹ̀ sì kéré sí ti CCD dáadáa. Kódà puríńtà tó ní sikánà lórí, tẹ́ ẹ bá ti ní in nílé tẹ́lẹ̀, ẹ fi dán fọ́tò mẹ́wàá wò ní 600 kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ó lè jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ ń wá lọ Sókótó ló wà lápò ṣòkòtò.

Èyí tó ń gbé fọ́tò mì fúnra ẹ̀ ńkọ́, irú bíi Epson FastFoto FF-680W? Ẹ máa to fọ́tò sí i lẹ́nu, á máa fà wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan, iléeṣẹ́ tó ṣe é sọ pé fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ní 300 dpi, ó sì tún lè ka ẹ̀yìn fọ́tò pọ̀ mọ́ iwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an torí ẹ̀yìn fọ́tò làwọn àgbà máa ń kọ orúkọ àti déètì sí. Ẹni tó ní fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó mọ́ tónítóní, òun ló máa gbà á. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: fọ́tò 4 sí 6, mẹ́ta ló lè dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí gíláàsì tó tó bébà A4, tẹ́ ẹ bá ní 1,000, ìgbà 334 lẹ máa ṣí ìdérí kẹ́ ẹ tún pa á dé. Àmọ́ fọ́tò tó ti ya, tó ń ṣí, tó nípọn bíi Polaroid, tàbí tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú ẹbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fa nǹkan. Nǹkan míì tún ni pé tí eruku kékeré kan bá bà lójú gíláàsì inú ẹ̀, ìlà gbọọrọ kan á fa láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí gbogbo fọ́tò tó bá kọjá lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ máa wo èyí tó ti jáde lóòrèkóòrè, ẹ má dúró di ìgbà tí 400 bá ti lọ.

Tó bá jẹ́ pé fíìmù nìkan lẹ ní, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó dáa gan-an, sikánà tí wọ́n ṣe fún fíìmù nìkan wà, bíi Plustek OpticFilm 8200i, kò yára rárá, ẹ̀yin lẹ máa máa ti fíìmù síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tó ń kó jáde ju ti pẹlẹbẹ lọ. Àwọn àpótí pẹ́ńpẹ́ tó ní ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré lórí, tí wọ́n ń pè ní sikánà fíìmù, kámẹ́rà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń ya fíìmù yín ní fọ́tò ni, wọ́n yára, ìyẹn náà ni wọ́n fi dáa.

Fóònù? Kì í ṣe èèwọ̀. Áàpù PhotoScan ti Google tó jáde lọ́dún 2016, á ní kẹ́ ẹ gbé fóònù sórí àmì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti yọ dídán iná kúrò. Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù tí kò ṣeé yọ, fóònù tàbí kámẹ́rà ló máa gbà yín níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, mi ò ní dá yín lẹ́kun, CCD tó ti pẹ́ ṣì lè dáa ju CIS tuntun lọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á pé ṣé driver ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí sikánà àti kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè ara wọn. Lọ́dún 2019 tí macOS Catalina, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Mac, jáde, gbogbo sọ́fítíwíà 32-bit, ìyẹn oríṣi ti àtijọ́, ló kú lórí Mac tó bá ti gbà á, àìmọye sikánà tí ara ẹ̀ le koko ló di ẹrù torí ìyẹn. Ohun tó máa ń jí wọn dìde ni sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ VueScan, olówó ni, àmọ́ ó mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sikánà, tuntun àti àtijọ́. Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní SANE tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ó ti délé, ó kàn báyìí

Kẹ́ ẹ tó tan nǹkankan, tó bá jẹ́ CCD, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń ya àwòrán àgádágodo sí i lára, òun ni wọ́n fi de ojú inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa máa gbá kiri nínú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá tan án láìtíì ṣí i, ẹ máa gbọ́ ariwo krr krr krr, ẹ sì lè ba eyín inú ẹ̀ jẹ́. Mi ò lè ka iye èèyàn tó ti sọ fún mi pé sikánà tuntun àwọn ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ yìí ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó o lọ ibòmíì, ẹ tún dè é padà.

Tó bá wá kan wáyà, ìwé tó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn wá máa ń sọ pé kẹ́ ẹ fi sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà ná kẹ́ ẹ tó ki USB bọ̀ ọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ dáńlóòdù sọ́fítíwíà yẹn lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é gan-an, ẹ má lo CD inú páálí, ó ti lè gbó. Ara kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ki wáyà bọ̀ tààrà, kì í ṣe ara àwọn ohun tí wọ́n fi ń pín USB, pàápàá CIS tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti ń fa iná. Tí iná ò bá tó o, á kàn máa dákẹ́ láàárín iṣẹ́.

Gíláàsì, ẹ má da omi tàbí oògùn ìnu-gíláàsì sí i lórí tààrà láé. Ara aṣọ múlọ́múlọ́ ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi nù ún, tó bá gba etí wọlé sábẹ́ gíláàsì, àbàwọ́n yẹn á wà níbẹ̀ títí ayé. Fọ́tò ní tiẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn ló tó o, omi kọ́, tíṣù kọ́, ẹnu yín náà kọ́, torí itọ́ á fò bà á. Etí ni kẹ́ ẹ ti máa mú un.

Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ àwọn álíbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù nínú, ẹ má fà á. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ìdọ̀tí láàárín eyín, ẹ tì í sábẹ́ igun kan, kẹ́ ẹ máa rọra fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn gé igi. Tẹ́ ẹ bá rí i pé bébà ti fẹ́ máa ya, ẹ dúró, ẹ sikáànì odidi ojú ewé álíbọ́ọ̀mù yẹn bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá gé e lórí kọ̀ǹpútà.

Tẹ́ ẹ bá ń to fọ́tò sórí gíláàsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kẹ́ ẹ má sì fi wọ́n há etí gíláàsì, ọ̀pọ̀ sikánà kì í ka mílímítà mélòó kan ní etí yẹn, wọ́n á gé orí èèyàn fún yín. Sọ́fítíwíà á dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á gé wọn, á tún èyí tó wọ́ ṣe. Ó máa ń ṣì í nígbà míì, fọ́tò tí etí ẹ̀ funfun gan-an máa ń dà á láàmú torí funfun náà ni inú ìdérí, ẹ wá bébà dúdú kan tẹ́ sẹ́yìn ẹ̀.

Nínú sọ́fítíwíà, ẹ kúrò lórí Auto, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yan gbogbo nǹkan fúnra ẹ̀. Ibi tí mo máa ń gbé tèmi sí rèé: irú ohun tí mò ń kà ni fọ́tò, 600 dpi, 24-bit kọ́lọ̀ (bit níbí ni ìwọ̀n bí àwọ̀ tí fáìlì lè kó ṣe pọ̀ tó), kódà fọ́tò dúdú-àti-funfun kọ́lọ̀ ni mo fi ń kà á, torí àwọn fọ́tò àtijọ́ yẹn kì í ṣe dúdú àti funfun lóòótọ́, wọ́n ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, àbàwọ́n ara wọn sì máa ń yàtọ̀ ní àwọ̀, ìyẹn á ran ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lọ́wọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí àwòrán mú, tí wọ́n ń pè ní sharpening, mo máa ń pa á. Ìyọ-eruku fún fọ́tò orí bébà náà mo máa ń pa á, torí kò mọ eruku yàtọ̀ sí yẹtí, gbogbo nǹkan ló máa ń nù pọ̀. Ìdápadà àwọ̀ fún fọ́tò tó ti ṣá, tó ti pupa rẹ́súrẹ́sú, òun máa ń ṣe mí ní kàyéfì nígbà míì, bí fọ́tò á ṣe kàn jí padà, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn.

Ìyọ-eruku ti fíìmù lọ́tọ̀ ni, Digital ICE lorúkọ tí ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ infrared tójú wa ò lè rí ló ń lò. Àwọ̀ inú fíìmù kọ́lọ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn kọjá, eruku àti ibi tó ha ò jẹ́ kó kọjá, torí náà ẹ̀rọ á mọ ibi tí eruku wà gẹ́lẹ́, á sì dí i. Iṣẹ́ ńlá ló máa ń ṣe. Àmọ́ fàdákà gidi ló ya àwòrán sínú fíìmù dúdú-àti-funfun ti àtijọ́, fàdákà ò sì jẹ́ kí infrared kọjá, ẹ̀rọ á rò pé ojú èèyàn ni eruku, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn èèyàn yín dànù. Ẹ pa á fún irú ìyẹn. Sláìdì Kodachrome, oríṣi fíìmù Kodak àtijọ́ kan, náà máa ń dà á láàmú.

Àwọn fọ́tò kan wà tí ojú bébà wọn rí ṣákiṣàki bíi afárá oyin, sikánà máa ń fi èérún funfun kún ojú wọn. Iná inú sikánà apá kan ló ti ń tàn, òun ló ń fa dídán yẹn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí fọ́tò náà po kí orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá yí èkejì padà lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ pa méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ ni o, mi ò purọ́. Mo máa ń ṣe é fún àwọn tó bá ṣọ̀wọ́n nìkan.

JPEG àbí TIFF

Oríṣi fáìlì méjì tí wọ́n fi ń tọ́jú fọ́tò ni. Fọ́tò 4 sí 6 ní 600 dpi, TIFF ẹ̀ jẹ́ bíi mẹ́gábáìtì 26, tẹ́ ẹ bá fi 48-bit kà á ó di 52. JPEG ẹ̀ ò ní ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé JPEG máa ń sọ nǹkan díẹ̀ nù nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, tẹ́ ẹ tún un ṣe, tẹ́ ẹ sì tún un fi pamọ́, wíwò lásán kì í bà á jẹ́. TIFF kì í sọ nǹkan nù, ó sì lè gba 48-bit tí JPEG ò lè gbà. Àwọn kan máa ń fi èyí jà bí ẹni ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn. Tó bá jẹ́ èmi, JPEG tí wọ́n gbé ìwọ̀n dídára ẹ̀ sókè pátápátá tó fún ọ̀pọ̀ fọ́tò ilé, TIFF fún àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù àti àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ máa tún àwọ̀ wọn ṣe gan-an.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé ni déètì. Fáìlì tẹ́ ẹ sikáànì lónìí, déètì òní ló máa wà lára ẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá wá gbé e sórí fóònù, ìgbéyàwó 1979 á jókòó sáàárín fọ́tò àná. Ẹ lo ExifTool tàbí digiKam, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì, láti kọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò náà sínú fáìlì. ExifTool ò ní bọ́tìnnì o, kíkọ lẹ máa kọ àṣẹ fún un, digiKam ló rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ ìyẹn. Orúkọ fáìlì náà, ẹ fi ọdún ṣíwájú, bíi 1979_igbeyawo_012, gbogbo ẹ̀ á to ara wọn bó ṣe yẹ. Mi ò fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì, bí mo ṣe fẹ́ràn àmì tó, torí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà tọ́jú ẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti òmíì, ẹ á wá rí i kó di wúruwùru. Inú fáìlì níbi àpèjúwe ni mo ti máa ń kọ ọ́ dáadáa. Tí ìkọ̀wé bá wà lẹ́yìn fọ́tò, ẹ ka ẹ̀yìn náà, kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà kan náà, 012 àti 012_eyin.

Fún ìtọ́jú, ẹ tẹ̀ lé ohun tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, sọ di mímọ̀: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ibi ìtọ́jú 2, kí 1 nínú wọn má sí nínú ilé yín. Kọ̀ǹpútà àti háàdì dísìkì tó wà lórí tábìlì kan náà, olè kan tàbí iná kan ló máa kó méjèèjì lọ.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àpótí náà. Ẹ mú fọ́tò 20, kó jẹ́ oríṣiríṣi, èyí tó ṣá, èyí tó kákò, èyí tó kéré, ẹ kà wọ́n, ẹ wò wọ́n lójú kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n wọn gan-an, ẹ tẹ méjì jáde. Bẹ́ ẹ bá máa yí sẹ́tíìnì padà, ó sàn kẹ́ ẹ yí i lẹ́yìn 20 ju lẹ́yìn 900 lọ.

Àwọn kan á tún bi mí pé, ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí, ṣé kí àwọn ju ti orí bébà nù. Rárá o. Ẹ kó wọn sínú àpótí níbi tí kò lóoru tí kò sì lómi, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì sára àpò tẹ́ ẹ kó wọn sí, kì í ṣe sára fọ́tò, kó lè jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá rí i lọ́dún tó ń bọ̀ pé 012 nílò 1200 dpi, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa fà á yọ.